Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Ìfọ Rọ́ọ̀gì: Gbé, Gbé, Gbẹ

Ọ̀rọ̀ rọ́ọ̀gì ni mo gbé wá lónìí, ẹ má sì tíì rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń bi mí jù ní àdúgbò kì í ṣe ti fóònù tàbí kọ̀ǹpútà mọ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé: "Ẹ̀rọ ìfọ rọ́ọ̀gì wo ni kí n rà tí kò wọ́n, tí kò sì wúwo?" Àwọn tó ń béèrè kì í ṣe olówó rẹpẹtẹ. Tọkọtaya tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá kan àti pálọ̀ ní Máfolúkù ni, ìyá ìbejì ní Òkè-Àfà ni, ọ̀dọ́kùnrin tó ń dá gbé ní Ìsọlọ̀ ni. Wọ́n ti wo fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti rí bí omi dúdú ṣe ń jáde lára kápẹ́ẹ̀tì, ojú wọn sì ti wọ ẹ̀rọ kan. Owó tí wọ́n fẹ́ ná lé e lórí, owó òógùn ojú wọn ni.

Èrò tèmi rèé, mo sì máa ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ní agbègbè Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ tí mò ń gbé yìí, ẹ̀rọ tó lágbára jù kọ́ ló dára jù. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló yẹ ká fi yẹ ẹ̀rọ wò: gbé, gbé, gbẹ. Ṣé ẹ lè fi ọwọ́ kan gbé e? Ṣé iná tó wà nílé yín lè gbé e? Ṣé rọ́ọ̀gì á tètè gbẹ tí ẹ bá lò ó tán? Ẹ̀rọ tó bá kùnà nínú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, bó ti wù kó máa dán tó.

Kí ló wà nínú rọ́ọ̀gì wa gan-an?

Ẹni tó fẹ́ ra oògùn ní láti kọ́kọ́ mọ àìsàn. Ìdọ̀tí inú rọ́ọ̀gì pálọ̀ wa kì í ṣe irú kan ṣoṣo. Mẹ́rin ni mo kà.

Àkọ́kọ́ ni iyanrìn. Bàtà àti ẹsẹ̀ wa ló ń gbé e wọlé láti àwọn òpópónà tí wọn ò da ọ̀dà sí. Iyanrìn wúwo, nítorí náà ó máa ń rì lọ sí ìdí rọ́ọ̀gì. Ẹnu rẹ̀ mú bí àfọ́kù ìgò, àmọ́ ó kéré ju ohun tí ojú lè rí dáadáa. Gbogbo ìgbà tí a bá tẹ rọ́ọ̀gì mọ́lẹ̀, ṣe ni iyanrìn yẹn ń gé òwú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú ibi tí a máa ń gbà kọjá fi máa ń pá, tí abẹ́ àga á ṣì máa dán bíi tuntun.

Ìkejì ni èéfín. Ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá kò jìnnà sí wa. Dánfó ń kọjá, tírélà ń kọjá, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ilé. Èérí dúdú tó ń jáde lára wọn ní ọ̀rá nínú, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ òwú. Omi lásán kò lè bọ́ ọ.

Ìkẹta ni eruku ọyẹ́. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, afẹ́fẹ́ máa ń gbé eruku wá láti apá aṣálẹ̀ Sàhárà. Àfonífojì kan wà ní orílẹ̀-èdè Chad tí wọ́n ń pè ní Bodélé. Kò síbi tí eruku ti ń gbéra bíi tibẹ̀ ní gbogbo ayé. Ó kúná débi pé afẹ́fẹ́ lè gbé e láti ibẹ̀ dé etí òkun wa, kó tó gba ojú fèrèsé wọlé.

Ìkẹrin wá láti ara àwa fúnra wa. Awọ ara wa ń ré bọ́ lójoojúmọ́. Kòkòrò kékeré kan wà tí kò tó ìdajì mìlímítà, inú rọ́ọ̀gì, tìmùtìmù àti ibùsùn ló ń gbé, awọ tó ré bọ́ yẹn ló sì ń jẹ. Kì í mu omi bíi tiwa. Inú afẹ́fẹ́ ló ti ń fa ọ̀rinrin sára, ó sì nílò kí ọ̀rinrin náà ju nǹkan bí ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ kó tó lè gbádùn ayé rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ afẹ́fẹ́ Èkó: ó sábà máa ń ju ìdá 70 lọ. Ilé wa jẹ́ ilé ìgbádùn fún un! Kì í ṣe pé kòkòrò náà ń buni jẹ o. Ìgbẹ́ rẹ̀ tó gbẹ, tó di eruku, ló máa ń mú kí àwọn kan máa sín, kí imú wọn máa ṣomi, kí ojú máa yún wọn, kí asthma sì máa gbé àwọn mìíràn dìde lóru. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ṣíṣe fáàrí fún àlejò nìyẹn. Ọmọ tó ń rákò lórí rọ́ọ̀gì, orí eruku yẹn ló ń fi imú lọ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mẹ́ta ló jẹ́ ìdọ̀tí gbígbẹ. Ìdọ̀tí gbígbẹ, bí ó ṣe gbẹ yẹn náà la ṣe ń kó o. Tí a bá da omi lé e kí a tó kó o kúrò, a ti sọ ọ́ di ẹrọ̀fọ̀ nìyẹn, ẹrọ̀fọ̀ náà á sì wọnú lọ sí i. Torí náà, ẹ̀rọ tó ń fa eruku ló yẹ kó ṣáájú ẹ̀rọ tó ń da omi. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kì í sọ ìyẹn, nítorí omi dúdú ló dùn ún wò nínú fídíò.

Ọwọ̀ ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, "Ìyá mi ò ra ẹ̀rọ kankan, ọwọ̀ ló fi tọ́ wa dàgbà." Òótọ́ ni. Lórí sìmẹ́ǹtì àti táìsì, mi ò rí ohun tó dára ju ọwọ̀ àti àkísà tútù lọ. Àmọ́ lórí rọ́ọ̀gì, ọwọ̀ kì í kó eruku tó kúná, ṣe ló ń lé e sókè. Eruku yẹn lè rìn káàkiri nínú afẹ́fẹ́ fún wákàtí púpọ̀, kó tó tún padà bà sórí rọ́ọ̀gì kan náà. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ló sì ń fà á símú jù.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1901 ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Hubert Cecil Booth lọ wo ẹ̀rọ tuntun kan tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ìdọ̀tí kó lè fò kúrò. Booth rò ó pé kí ló dé tí wọn ò fà á dípò kí wọ́n máa fẹ́ ẹ. Ó gbé áńkáṣíìfù sórí àga ní ilé oúnjẹ kan, ó fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ gba inú aṣọ náà. Eruku fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lórí, àmọ́ ó rí bí ìdọ̀tí ṣe lẹ̀ mọ́ ara áńkáṣíìfù. Ó gba ìwé àṣẹ olùhùmọ̀ fún ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Ní 1902, òun ni wọ́n fi nu kápẹ́ẹ̀tì ilé ìjọsìn Westminster Abbey kí wọ́n tó dé Ọba Edward Keje ládé.

Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ ẹ̀rọ náà tóbi débi pé ẹṣin ló ń fà á. Ìta ilé ló máa ń dúró sí, wọ́n á wá gba ojú fèrèsé ti ọ̀pá rẹ̀ wọlé. Ẹni tó sọ ọ́ di ohun tí èèyàn kan lè gbé nínú ilé ni James Murray Spangler, bàbá kan tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìtajà ńlá kan ní ìlú Canton, ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà. Asthma ń bá a fínra, eruku iṣẹ́ rẹ̀ sì ń dá kún un. Ó kó mọ́tò fáànù, igi ìgbálẹ̀ àti àpò ìrọ̀rí pọ̀, ó fi ṣe ẹ̀rọ. Ní 1908 ó gba ìwé àṣẹ rẹ̀, ìdílé Hoover sì ra ẹ̀tọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe olówó tó ń wá fáàrí ló ṣe ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ yìí. Agbálẹ̀ tí eruku ń dí lọ́nà ọ̀fun ni.

Gbé àkọ́kọ́: ṣé ọwọ́ yín lè gbé e?

Ẹ̀rọ tó wúwo, a kì í lò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa gbé e jáde, a óò wá tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, aṣọ á sì bò ó. Ní tèmi, ẹ̀rọ kékeré tí ẹ ń lò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ sàn ju ẹ̀rọ ńlá tí ẹ ń lò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nítorí iyanrìn kì í dúró de ọjọ́ ọdún kó tó máa gé òwú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, díẹ̀díẹ̀ náà sì ni ìdọ̀tí ń wọ rọ́ọ̀gì.

Ọ̀pọ̀ ilé tiwa, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tóóró, àtẹ̀gùn rẹ̀ ga. Nítorí náà, ẹ má fi ojú wo ìwúwo ẹ̀rọ, ọwọ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ọwọ́ kan gbé e ní ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ gbé e dúró fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Tí apá bá ti ń gbọ̀n, ẹ gbé e sílẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí: ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára páálí ẹ̀rọ olómi, ìgbà tí kò sí omi nínú rẹ̀ ni. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Ẹ̀rọ tó wọn kílò márùn-ún, tó sì ń gba lítà mẹ́rin, á di kílò mẹ́sàn-án kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìyẹn ti ń lọ sí ìdajì ìwọ̀n gáláọ̀nù omi oní-lítà ogún tí à ń pọn. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Gbé kejì: ṣé iná yín lè gbé e?

Ibí yìí ni wọ́n ti ń fi wáàtì tan àwọn èèyàn jẹ jù. "Bùrọ̀dá, 2,000 wáàtì lèyí o, á fa kápẹ́ẹ̀tì tán pátá!" Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Wáàtì tó wà lára ẹ̀rọ ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe ń jẹ iná tó. Kò sọ bó ṣe ń fa eruku tó. Bí ẹ bá fi sitírọ́ọ̀ mu zóbò, ẹnu yín ló dín agbára afẹ́fẹ́ inú sitírọ́ọ̀ kù, afẹ́fẹ́ ìta ló wá ti zóbò sókè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ yìí ń ṣe. Tí sitírọ́ọ̀ bá lu, ẹ fà á títí, zóbò ò ní wá. Ẹ̀rọ tí ọ̀pá rẹ̀ ń jò, tí àpò rẹ̀ kún, tàbí tí asẹ́ rẹ̀ ti dí, ó lè jẹ 2,000 wáàtì kó má fa nǹkan gidi kan.

Àwọn ará Yúróòpù ti rí i bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án 2014, Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin dè é pé kí wọ́n má ta ẹ̀rọ afa-eruku tuntun tó bá dé 1,600 wáàtì. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án 2017, wọ́n tún fà á wálẹ̀ sí 900. Ilé wọn kò tìtorí ẹ̀ dọ̀tí. Ṣe ni àwọn ẹnjiníà tún ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti ẹnu ẹ̀rọ ṣe dáadáa. Fún rọ́ọ̀gì, búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí lẹ́nu ẹ̀rọ, tó ń gbọn òwú, wúlò ju ẹgbẹ̀rún wáàtì àlékún lọ. Àfi tí rọ́ọ̀gì yín bá jẹ́ onírun gígùn nìkan, nítorí búrọ́ọ̀ṣì máa ń ká irun yẹn mọ́ra.

Nílé tiwa ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní "I better pass my neighbour" kì í sábà ju nǹkan bí 650 wáàtì lọ. Ẹ̀rọ 1,400 wáàtì ò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láéláé. Mọ́tò sì máa ń fa iná nígbà tó bá ń gbéra ju ìgbà tó ti ń yí lọ, torí náà kí ẹ fi àyè sílẹ̀. Ẹni tó bá ní inverter kékeré, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí àtifa eruku gbé jẹnẹrétọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí bákónì. Gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ń pa odindi ìdílé mọ́jú.

Ẹ má bẹ̀rù owó iná NẸ́PÀ jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2024, ìjọba gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A lọ sí 225 náírà fún yúníìtì kan. Ẹ̀rọ 1,400 wáàtì tó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á jẹ yúníìtì 0.7. Ìyẹn jẹ́ 157 náírà àti 50 kọ́bọ̀ ní iye ìgbà yẹn. Ẹ̀rọ 400 wáàtì á jẹ 45 náírà. Kò sí èyí tó máa sọ yín di onígbèsè. Ohun tó wà ńbẹ̀ ni pé tí wọn ò bá mú iná wá ní Sátidé, ẹ̀rọ ńlá yẹn á kàn jókòó síbẹ̀ ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn irú méjì fún àdúgbò wa. Èkíní ni ẹ̀rọ oníbátìrì: ẹ gbé e sí iná nígbà tí NẸ́PÀ bá wà, ẹ lò ó nígbà tí wọ́n bá mú un lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ju kílò mẹ́ta lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé bátìrì ń darúgbó, nítorí náà ẹ béèrè iye tí bátìrì mìíràn jẹ́ kí ẹ tó ra ẹ̀rọ rárá. Èkejì ni ẹ̀rọ tí kò mọ NẸ́PÀ rí: àpótí pẹlẹbẹ tó ní ọ̀pá gígùn, tó ní búrọ́ọ̀ṣì lábẹ́. Bí ẹ bá ń tì í lọ tí ẹ ń fà á bọ̀, táyà rẹ̀ á máa yí búrọ́ọ̀ṣì, búrọ́ọ̀ṣì á máa gbá ìdọ̀tí sínú àpótí. Melville Bissell ló gba ìwé àṣẹ fún irú rẹ̀ ní 1876 ní Grand Rapids, ní Amẹ́ríkà. Òun àti Anna ìyàwó rẹ̀ ń ta àwo tánganran, ìdọ̀tí igi tí wọ́n fi ń di àwo sì ń há sínú kápẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù wọn. Nígbà tí ọkọ kú ní 1889, Anna ló gba ilé iṣẹ́ náà, tó sì sọ ọ́ di ńlá. Ohun tó dára ní ayé tí iná kò tíì wọ ilé ṣì dára ní ilé tí iná ń wá tó ń lọ. Kò ní fa eruku tó kúná bíi ti oníná, àmọ́ ó ń kó iyanrìn orí rọ́ọ̀gì, èérún búrẹ́dì àti irun lójoojúmọ́, kò sì pariwo.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí iná: tòkunbọ̀. Iná tiwa jẹ́ 230 fóòtì, bíi ti ìlú Ọba. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Bí ẹ bá ki ẹ̀rọ Amẹ́ríkà bọ inú iná wa tààrà, agbára tó máa gba inú rẹ̀ kọjá á sún mọ́ ìlọ́po mẹ́rin èyí tí wọ́n ṣe é fún. Èéfín lẹ máa kọ́kọ́ rí. Tiransifọ́mà tó ń dín iná kù wà, òótọ́ ni, àmọ́ èyí tó máa gbé ẹ̀rọ ńlá á wúwo ju ẹ̀rọ gan-an lọ. Ẹrù tí ẹ̀ ń sá fún náà nìyẹn.

Gbẹ: ṣé rọ́ọ̀gì máa gbẹ kílẹ̀ tó mọ́?

Ẹ̀rọ tó ń tú omi ọṣẹ sínú rọ́ọ̀gì tó sì ń fà á padà dára, mi ò bú u. Àmọ́ kì í fa gbogbo omi náà padà. Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ ìlera ń fún àwọn èèyàn ni pé kí ohun tó bá tutù nínú ilé gbẹ láàárín wákàtí 24 sí 48. Bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan funfun tàbí dúdú bíi èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lè má rí i, àmọ́ ẹ máa gbọ́ òórùn rẹ̀. Fún ẹni tó ní asthma, ó lè burú ju eruku tí ẹ ń sá fún lọ.

Ẹ wá ro oṣù Kẹfà ní Èkó wò, oṣù tí òjò pọ̀ jù lọ. Kò sí oòrùn, fáànù ò yí nítorí kò síná, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ tutù. Ta ló fẹ́ bu lítà omi mẹ́rin sínú kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ògiri dé ògiri? Rọ́ọ̀gì àárín pálọ̀ sàn díẹ̀, a lè ká a, ká gbé e kọ́ sórí ìgànná. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀ kò níbi tó ń lọ.

Òfin tèmi kò le. Ẹ fa eruku rẹ̀ dáadáa kí omi tó kàn án. Ọ̀fẹ́ẹ̀rẹ̀ òwúrọ̀ ni kí ẹ fọ̀ ọ́, lọ́jọ́ tí oòrùn bá wà. Ẹ fa omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ́yìn títú ẹyọ kan. Ẹ dín ọṣẹ kù, nítorí ọṣẹ tó bá ṣẹ́ kù nínú òwú á máa lẹ̀, ìdọ̀tí tuntun á sì tún lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọbẹ̀ bá dà, ẹ má fi agbára ha á. Ẹ fi aṣọ funfun tẹ̀ ẹ́, kí aṣọ mu ún. Bí epo pupa bá wà nínú rẹ̀, ẹ da pàùdá lé e kó kọ́kọ́ mu epo, ẹ fa pàùdá náà kúrò tó bá ti gbẹ, kí ọṣẹ díẹ̀ tó dé bá a. Ẹ má sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún eruku gbígbẹ fa omi láé. Iná lè gbé èèyàn.

Tí ẹ bá dé ọjà

Bóyá ọjà Aswani ọjọ́ Ìṣẹ́gun lẹ lọ o, tàbí ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ yí ẹ̀rọ dojú dé kí ẹ ka àlẹ̀mọ́ ìdí rẹ̀: fóòtì mélòó, wáàtì mélòó? Ẹ ní kí wọ́n tan án. Ẹ wo asẹ́ rẹ̀: ṣé ó ṣeé fọ̀, ṣé wọ́n ń ta òmíràn? Bí ẹnì kan bá ní asthma nílé, ẹ wá èyí tó ní asẹ́ HEPA tòótọ́. Nínú eruku 10,000 tó kéré tó 0.3 máíkírọ́ọ̀nù, mẹ́ta péré ni irú asẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kọjá. Bí wọ́n bá kọ "HEPA-type" sí i, ẹ fura. Orúkọ ló yá lò. Ẹ tún béèrè bóyá kábọ̀nù mọ́tò rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, nítorí irú mọ́tò tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí náà ló wà nínú ẹ̀rọ ìlọta kékeré, àwọn oníṣẹ́ wa sì mọ̀ ọ́n tún ṣe.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó ń dá gbé, tí rọ́ọ̀gì rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ tí kò lo iná ti tó o. Ìdílé tó ní ọmọ kéékèèké, kí ẹ ra afa-eruku tó fúyẹ́, oníbátìrì tàbí èyí tí kò ju 600 wáàtì lọ, tí iná yín lè gbé. Ti omi, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń fọ mọ́tò tí wọ́n ń fọ rọ́ọ̀gì pẹ̀lú. Ẹ gbé e fún wọn ní oṣù Kẹta tí ọyẹ́ bá lọ tán, àti nígbà tí òjò bá sinmi ní oṣù Kẹjọ. Ìyẹn á dín owó kù ju ríra ẹ̀rọ olómi tí ẹ máa lò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń tọ̀ sílẹ̀, tó ń da gaàrí àti Milo nù lójoojúmọ́, òun nìkan ni mo lè sọ fún pé kó wá ẹ̀rọ olómi kékeré tó ń fọ ojú kan ṣoṣo.

"Ẹ ò kúkú ká rọ́ọ̀gì náà kúrò?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn, mi ò sì ní sá fún un. Bí dókítà bá ti sọ pé ẹnì kan nílé yín ní asthma tí eruku ń gbé dìde, èrò mi ni pé kí rọ́ọ̀gì kúrò nínú yàrá tó ń sùn. Kò sí ẹ̀rọ tó lè bá ilẹ̀ táìsì tí wọ́n fi àkísà tútù nù dọ́gba. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wa ni ilẹ̀ ilé wa dára. Àwọn kan tẹ́ rọ́ọ̀gì nítorí sìmẹ́ǹtì abẹ́ rẹ̀ ti fọ́, lánlọ́ọ̀dù ò sì dáhùn. Àwọn kan tẹ́ ẹ nítorí orí ilẹ̀ làwọn ọmọ ń sùn. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ dójú ti irú wọn. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n bá wọn wá bí eruku ṣe máa dín kù.

Ohun kan sì wà tó yà mí lẹ́nu pé a kì í ṣe. Nínú ilé kan tó ní ayálégbé mẹ́fà, ẹ máa rí jẹnẹrétọ̀ mẹ́fà, bóyá ẹ̀rọ ìfọ rọ́ọ̀gì méjì tó ti bàjẹ́. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. A mọ àjọ dá fún owó ilé àti owó ìyàwó. Kí ló dé tí ayálégbé mẹ́fà ò lè dájọ ra ẹ̀rọ olómi kan tó dáa, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kàn sára ògiri, kí ẹni tó lò ó fọ asẹ́ rẹ̀ kó tó gbé e fún ẹlòmíràn? Kí oníkálukú wá ra afa-eruku kékeré tirẹ̀, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ gbé, tí iná rẹ̀ gbé.

Ẹni tó ń tajà á sọ fún yín pé ẹ̀rọ òun lágbára. Ẹ dá a lóhùn pé ẹ ti gbọ́, kí ẹ wá bi í ní mẹ́ta tiwa: ṣé mo lè gbé e, ṣé iná mi lè gbé e, ṣé rọ́ọ̀gì mi á gbẹ? Bí kò bá rí ẹyọ kan dáhùn, ẹ tọ́jú owó yín sápò.